Funfun àti Aró Lára Ògiri Yàrá: Àfiwé Onítàn láti Àfọ̀n àti Agbègbè Yewa

1. Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti fi àwọ̀ méjì wé ara wọn, èyíinì ni funfun àti àwọ̀ aró, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi wọ́n kun ògiri inú yàrá ní ilẹ̀ Yewa, pàápàá ní Àfọ̀n àti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn rò pé ọ̀rọ̀ akunlé ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpìtàn. Ohun tí ó wù mí ni mo fi kun yàrá mi, kí ni ìtàn fẹ́ bá níbẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé ohun tí ó wu ènìyàn náà ní ìtàn tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè yan àwọ̀ tí kò sí ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kò sì sí àwọ̀ tí ó dé àrọ́wọ́tó ènìyàn láìjẹ́ pé ọwọ́ kan ni ó wà á nínú ilẹ̀, tàbí kí ó gún un nínú odó, tàbí kí ó rà á lọ́jà.

Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ nìyí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin yàrá funfun àti yàrá aláró kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú tí ń wò ó. Ohun èlò tí a fi ṣe àwọ̀ náà, ẹni tí ó fi ọwọ́ ṣe é, àti iṣẹ́ tí a ń lo yàrá náà fún ni ó dá ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀. Nígbà tí nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí yí padà láàrin ọ̀rúndún 19 sí ọ̀rúndún 20, ìtumọ̀ àwọ̀ méjèèjì yí padà pẹ̀lú. Òpìtàn tí kò bá fiyè sí èyí yóò ka ògiri dúdú sí ìdọ̀tí, yóò sì ka ògiri funfun sí ọ̀làjú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé nípa ilé wa láyé ìjọba amúnisìn ti ṣe.

2. Ilẹ̀ tí a ń sọ nípa rẹ̀ àti ẹ̀rí tí a ní

Àfọ̀n wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní apá ibi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ní ọdún 1995 ni àwọn ènìyàn Ẹ̀gbádò gba Yewa ní orúkọ. Ní ọdún 1996 ni a sì dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n sílẹ̀, tí Ìmẹ̀kọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà tí ó la agbègbè náà já ti wà ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí. Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ó sọ Kétu di ti Faransé, tí ó sì sọ Ìmẹ̀kọ di ti Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ará ni wọ́n. Ìwé A. I. Asíwájú tí ó jáde ní ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó ti ṣe àlàyé kíkún lórí ohun tí ìpín yìí fà. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀ ni pé ọ̀nà ọjà méjì ni agbègbè náà kọjú sí: ọ̀nà Èkó àti Abẹ́òkúta ní apá kan, ọ̀nà Àjàṣẹ́ ní apá kejì.

Ìṣòro kan wà tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Ilé alámọ̀ kì í pẹ́ láyé bí òrùlé rẹ̀ bá ti lọ. Òjò ọdún díẹ̀ tó láti sọ ògiri di òkìtì. Ogun Dàhọ́mì sì ti fi agbègbè náà jẹ gidigidi ní ọ̀rúndún 19. Ní ọdún 1886 ni wọ́n fọ́ Kétu pátápátá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ògiri yàrá ti ọdún 1850 láti fi ojú ara rẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀ kò ní rí i. Ibòmíràn ni a ó ti wá ẹ̀rí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà mẹ́ta ni a sì gbà: èdè tí a fi ń pe àwọ̀, ohun èlò fúnra wọn àti bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀. A ó fi ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún un, nítorí pé igi ń pẹ́ ju ògiri lọ, àwọ̀ ara igi sì lè sọ fún wa nípa àwọ̀ tí ó wà nílẹ̀.

3. Àwọ̀ nínú èdè

Bí a bá gba èdè gbọ́, kì í ṣe funfun àti búlúù ni Yorùbá àtijọ́ fi wé ara wọn. Funfun, pupa àti dúdú ni ìpín àwọ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀. Aró wà lábẹ́ dúdú, ewé tútù tí ó ṣú pẹ̀lú sì lè wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pe aṣọ tí a rẹ sínú aró léraléra ní aṣọ dúdú kò purọ́, ojú rẹ̀ kò sì fọ́.

Ní ọdún 1969 ni Berlin àti Kay gbé ìwé wọn jáde lórí orúkọ àwọ̀ nínú àwọn èdè àgbáyé. Wọ́n ní gbogbo èdè ń gba orúkọ àwọ̀ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé kan náà: funfun àti dúdú ni ó kọ́kọ́ ń wà, pupa ni ó tẹ̀ lé e, àwọn tí ó kù yóò sì wá lẹ́yìn títí wọn yóò fi pé 11. Ó rọrùn láti ti ibẹ̀ bọ́ sínú àṣìṣe kan, kí a máa rò pé èdè tí ó ní mẹ́ta wulẹ̀ ń dúró de ìyókù ni. Ṣùgbọ́n àwọn aláró wa ní orúkọ fún àwọ̀ aró bí ó ti ń ti inú ìkòkò jáde. Ayìnrín ni èyí tí ó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́; ẹtù ni èyí tí ó ṣú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Wájì ni orúkọ aró nígbà tí a bá ṣe é ní ohun kíkùn, kì í ṣe ohun rírẹ aṣọ. Èdè tí ó ní irú orúkọ báyìí kò ṣe aláìní ojú fún aró. Ohun tí ó ṣe ni pé ó pín àwọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àti ohun èlò ṣe pín in.

Ìtumọ̀ èyí fún òpìtàn kò kéré. Bí ìwé àtijọ́ kan bá sọ pé inú yàrá dúdú, a kò gbọdọ̀ yára túmọ̀ rẹ̀ sí pé èéfín ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ni ó mọ̀ọ́mọ̀ kùn ún bẹ́ẹ̀, tí ó sì gba owó tàbí ọpẹ́ fún iṣẹ́ náà.

4. Funfun: ẹfun méjì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹfun, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni a ń fi pè. Èkíní ni àmọ̀ funfun tí a ń wà nínú ilẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní kaolin. A ó gún un, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì pò ó mọ́ omi. Èyí ni a ń fi kun ojúbọ Ọbàtálá àti ti àwọn òrìṣà funfun yòókù, òun náà ni a sì ń fi pa ara ní àkókò ètùtù. Èkejì ni èyí tí a ṣe láti ara òkúta. A ó sun òkúta ẹfun nínú iná tí ó gbóná tó ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ó da omi lé e, yóò hó, yóò sì di lẹ́búlẹ́bú funfun. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, a ó máa pe èkíní ní ẹfun àmọ̀, a ó sì máa pe èkejì ní ẹfun òkúta.

Lójú, méjèèjì funfun. Lára ògiri, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹfun àmọ̀ kò yí padà lẹ́yìn tí ó bá gbẹ. Àmọ̀ náà ni ó ṣì jẹ́. Bí ènìyàn bá fi ẹ̀yìn ti ògiri tí a fi kùn, yóò gbé e lọ lára aṣọ rẹ̀. Bí òjò bá sì jò sí i, yóò ṣàn. Nítorí náà, ó di dandan kí a máa tún un kùn lọ́dọọdún, àtúnkùn yìí sì bá ìṣe ọdún òrìṣà mu, nítorí pé ara iṣẹ́ ọdún ni mímú ojúbọ padà di tuntun. Ẹfun òkúta ní tirẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ èédú mọ́ra bí ó ti ń gbẹ, yóò sì padà di òkúta tín-ín-rín lára ògiri. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ní oró tí ń pa kòkòrò nígbà tí ó ṣì tutù.

Ẹfun àmọ̀ ni ó ti wà lọ́wọ́ àwọn baba àti ìyá wa. Ẹfun òkúta ni ó di àwọ̀ ilé míṣọ́nnù, ilé ẹjọ́, ilé ìwòsàn àti ilé ìsinmi àwọn aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Ìlaròó sábẹ́ ààbò rẹ̀ ní ọdún 1891, funfun kejì yìí ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn pé funfun jẹ́ àmì ìwà mímọ́. Wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọbàtálá. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí funfun ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ó ya ibì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ibi yòókù ni. Nísinsìnyí, a sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn gbogbo ilé.

5. Aró: láti inú ìkòkò dé inú páálí

Ẹ̀rí kan wà nípa aró ní ilẹ̀ Yewa tí ó ṣe pàtàkì. Ní òpin ọdún 1825 ni Hugh Clapperton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Àgbádárìgì wọlé, tí wọ́n ń lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n kọjá ní Ìjànà, ìlú kan nítòsí Ìlaròó tí ó jẹ́ ibùjókòó àṣojú Aláàfin ní ìgbà náà. Nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1829, Clapperton ròyìn pé òun rí ilé aláró mẹ́ta, tí ìkòkò aró inú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 20, gbogbo wọn sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó yin aró náà, ó sì sọ pé obìnrin ni àwọn aláró. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìkòkò tí ó lé ní 60 ni èyí nínú ìlú kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe ti ẹnì kan tí ń rẹ aṣọ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Bí a ti ń ṣe é kò ṣòro láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. A ó já ewé ẹ̀lú nígbà tí ó ṣì rọ̀, a ó gún un, a ó rọ ọ́ ní ìṣù, a ó sì sá a. A ó fi omi tí a sẹ́ láti ara eérú pò ó nínú ìkòkò, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Inú omi eérú yìí ni aró ti ń yọ́. Bí a bá yọ aṣọ kúrò tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, aró yóò padà di ohun tí omi kò lè yọ́ mọ́, yóò sì dúró sínú òwú. Ìyá Màpó ni àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ ń bọ nítorí irú iṣẹ́ báyìí, nítorí pé aró lè kọ̀ láìsọ ìdí.

Báwo ni ó ti dé ara ògiri? Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ìpín. Ọkùnrin ni ó ń pò amọ̀ tí ó sì ń mọ ògiri ní ìpele-ìpele. Obìnrin ni ó ń rẹ́ ẹ. Wọn yóò po amọ̀ dáradára pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé, wọn yóò fi ọwọ́ rẹ́ ẹ títí ara rẹ̀ yóò fi dán. Ọwọ́ tí ó ti dúdú láti inú ìkòkò aró ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró àti ewé ẹ̀lú sì jẹ́ ohun tí kò jìnnà sí i. Àwọn obìnrin yìí kan náà ni ó ń fi ẹfun, osùn àti wájì kun ojúbọ òrìṣà. Bọ́lájí Campbell ti fi ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2008 ṣe àlàyé iṣẹ́ ọnà wọn lára ògiri ojúbọ.

Ìyípadà dé láti ọ̀nà jíjìn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òkúta iyebíye kan tí a ń wà ní Afghanistan ni wọ́n ti ń lọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún láti fi rí àwọ̀ búlúù tí ó jinlẹ̀, ó sì wọ́n bíi wúrà. Ní ọdún 1824, ẹgbẹ́ kan ní Faransé ṣèlérí ẹ̀bùn owó fún ẹni tí ó bá lè ṣe àwọ̀ náà láìlo òkúta yẹn. Jean-Baptiste Guimet ni ó gba ẹ̀bùn náà ní ọdún 1828. Láti ìgbà náà ni búlúù ti di ohun tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ilé-iṣẹ́ Reckitt ní ìlú Hull sọ ọ́ di horo kékeré fún aṣọ fífọ̀, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi dé etíkun wa. Ní ọdún 1897, àwọn ará Jámánì tún gbé aró àtọwọ́dá jáde sí ọjà. Ìkòkò àwọn ìyá wa ti ní alábàádíje méjì.

Ère fi èyí hàn kedere. Lára àwọn ère ìbejì tí ó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kárí ayé, aró ni ó wà ní irun orí àwọn kan, búlúù aláṣọ-fífọ̀ ni ó sì wà ní ti àwọn mìíràn. Bákan náà ni ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí Kétu àti Yewa fi gbajúmọ̀, tí UNESCO sì fi sínú àkójọ ohun àjogúnbá aráyé. A máa ń tún ère rẹ̀ kùn kí ó tó jáde, nítorí náà ìpele àwọ̀ lè gun ara wọn. Ní Ìmẹ̀kọ, nítòsí Àfọ̀n, William Bascom bá agbẹ́gilére kan tí ń jẹ́ Duga ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1950, àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí iṣẹ́ Duga sì jáde ní ọdún 1973. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àwọ̀ tí ọjà Ìmẹ̀kọ àti Àfọ̀n ní ní àárín ọ̀rúndún 20 yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára irú ère bẹ́ẹ̀.

6. Àfiwé

A lè wá fi àwọ̀ méjèèjì wé ara wọn báyìí lórí ìdí mẹ́rin.

Èkíní ni ìmọ́lẹ̀. Ògiri funfun tuntun ń dá nǹkan bí 80 nínú ìdá 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bà á padà; ògiri aró tí ó ṣú ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mì. Bí a bá dúró lórí èyí nìkan, funfun ni ó borí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni yàrá ń ṣe? Nínú agbo ilé àtijọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni a ti ń ṣiṣẹ́, tí a ti ń jẹun, tí a ti ń gba àlejò. Inú yàrá jẹ́ ibi oorun àti ibi ìpamọ́. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ògiri rẹ̀ nípọn, òkùnkùn rẹ̀ sì wà fún ìtura lẹ́yìn oòrùn ọ̀sán. Ìgbà tí ìwé kíkà wọ inú ilé, tí yàrá kan di pálọ̀ tí a gbé àga sí, ni òkùnkùn tó di àbùkù. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó jẹ́ kí funfun di ohun tí yàrá nílò.

Èkejì ni ìdọ̀tí. Funfun kì í bo àṣírí. Èéfín àtùpà, ọwọ́ ọmọdé, àti ipa ọ̀nà ikán láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo rẹ̀ ni yóò hàn. Aró ń bò ó. Ẹni tí ó fẹ́ràn ojú yóò yan aró. Ẹni tí ó bẹ̀rù pé kí ikán má jẹ òrùlé lé òun lórí yóò yan funfun, nítorí pé yóò rí ọ̀tá ní kùtùkùtù. Àǹfààní àti àbùkù funfun jẹ́ ohun kan náà.

Ẹ̀kẹta ni agbára ohun èlò. Ẹfun àmọ̀ kò lágbára. Ẹfun òkúta lágbára. Aró ẹ̀lú ń ṣá bí oòrùn bá ń pa á, ṣùgbọ́n inú yàrá kò ní oòrùn púpọ̀, nítorí náà ó lè pẹ́ níbẹ̀. Búlúù inú páálí bá ẹfun òkúta rẹ́ dáradára, kò sì ń ṣá nínú rẹ̀. Ohun kíkan ni ó lè pa á. Níhìn-ín ni a ti rí ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí jùlọ. Bí a bá fi búlúù díẹ̀ sínú ẹfun, ògiri kò ní di búlúù. Yóò funfun sí i, nítorí pé búlúù náà ń pa ìpọ́n ara funfun. Èyí kan náà ni alágbàfọ̀ ń ṣe sí aṣọ. Bí a bá fi púpọ̀ sí i, ògiri yóò di àwọ̀ ojú sánmà. Nítorí náà, láti ìgbà tí horo búlúù ti dé, funfun àti búlúù kì í ṣe ọ̀nà méjì tí ó pínyà mọ́. Inú agbada kan ni wọ́n ti ń jáde, ìwọ̀n ni ó yà wọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ ọwọ́. Aró gba ewé, eérú, ìkòkò, ọ̀pọ̀ ọjọ́ àti ìmọ̀ tí ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹfun àmọ̀ gba wíwà àti sísẹ́. Búlúù inú páálí gba owó kékeré àti omi. Lójú ẹni tí ó ń kun yàrá, èyí tí ó kẹ́yìn ni ó rọrùn jù. Lójú ìlú, ìrọ̀rùn yẹn ní iye tí a san: ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ aláró kò ní ẹni tí yóò gbà á mọ́.

7. Ẹni tí ó di búrọ́ọ̀ṣì mú

Láyé ìjọba amúnisìn ni wolé-wolé di ẹni tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Àjàkálẹ̀ àrùn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924 tún mú ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ilé le sí i. Wolé-wolé a máa wo àmù, a máa wo kànga, a máa wo inú yàrá. Ojú tí ó fi ń wo ògiri kò ní ààyè fún ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó dúdú nítorí èéfín àti ohun tí ó dúdú nítorí pé a rẹ́ ẹ dúdú. Ó gbọ́ pé funfun ni ó mọ́, ó sì fẹ́ rí funfun.

Ìjọ náà fi tirẹ̀ kún un. Ìmẹ̀kọ di ibi ìrìn-àjò mímọ́ fún Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run, tí S. B. J. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947. Ibẹ̀ ni a sì sin ín sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1985. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláṣọ funfun ni ó ń lọ síbẹ̀ ní àkókò Kérésìmesì. Ní agbègbè kan náà, nígbà náà, funfun Ọbàtálá, funfun wolé-wolé àti funfun sùtánà ti pàdé ara wọn. A kò lè fi ìdí kan ṣoṣo ṣàlàyé ìdí tí ìdílé kan fi kun yàrá rẹ̀ ní funfun.

Ìyípadà tí ó ga jù wá láti ara símẹ́ǹtì. Ní nǹkan bí ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò jìnnà sí Yewa. Ní ọdún 1959 ni a dá British Paints West Africa sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí ó di Berger Paints lẹ́yìn náà. Símẹ́ǹtì gba rírẹ́ ògiri kúrò lọ́wọ́ obìnrin, ó fi í fún bíríkìlà. Ọ̀dà inú agolo gba kíkùn rẹ̀, ó fi í fún akunlé. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà, owó ni a sì ń san fún wọn. Iṣẹ́ tí obìnrin ti ń ṣe láti ìran dé ìran bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láìsí òfin tí ó gbà á, láìsí ìjà tí òpìtàn lè kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé kò sí ọjọ́, ó rọrùn láti gbàgbé pé ó ṣẹlẹ̀.

Ògiri fúnra rẹ̀ san nínú gbèsè náà. Amọ̀ ń mí. Ọ̀rinrin ń wọlé sí i, ó sì ń jáde. Bí a bá fi símẹ́ǹtì bò ó, tí a tún fi ọ̀dà dí i lójú, ọ̀rinrin yóò há sínú rẹ̀. Símẹ́ǹtì náà yóò ṣí kúrò lára amọ̀, yóò bọ́ ní ègé-ègé, yóò sì mú lára ògiri lọ. Ẹni tí ó ni ilé yóò rò pé ilé bàbá òun ti gbó. Ẹ̀wù tí a wọ̀ fún un ni kò bá a lára mu.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nínú àfiwé yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìbéèrè nípa èwo ni ó dára jù nínú funfun àti aró kò ní ìdáhùn kan tí ó bá gbogbo ìgbà mu. Ní ọdún 1825, nígbà tí ìkòkò Ìjànà ń hó, yàrá dúdú jẹ́ yàrá tí a tọ́jú. Ní ọdún 1925, ó ti di yàrá tí a lè fi ẹ̀sùn kan olúwa rẹ̀ lé lórí. Ògiri kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n ni ó yí padà.

Ohun méjì ni a fẹ́ dá lábàá. Èkíní kan ilé. Àwọn ilé alámọ̀ tí ó kù ní Àfọ̀n àti ní àwọn ìlú Yewa yòókù nílò àwọ̀ tí kò ní dí wọn lójú. Ẹfun òkúta dára fún òkè ògiri, níbi tí a ti ń wá ìmọ́lẹ̀. Ẹfun kan náà tí a fi búlúù sí, kí ó ṣú dáadáa, dára fún ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹ̀yìn àga ń dé. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ti ń pín ògiri sí méjì bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ṣú, òkè mọ́. Ìlànà yìí kò béèrè pé kí a kọ ọ̀kan nínú àwọ̀ méjèèjì sílẹ̀.

Èkejì kan àwa tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. A ti kó oríkì jọ, a ti kó ìtàn oyè àti ogun jọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì fi irú ìtara kan náà kó ìmọ̀ àwọn obìnrin tí ó rẹ́ ògiri jọ: iye ewé tí ó wọ inú amọ̀, bí a ti ń mọ̀ pé ó ti tó, ẹni tí a ń pè bí ti ojúbọ bá fẹ́ di tuntun. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti dàgbà. Ó yẹ kí ẹ̀ka wa rán akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, kí a sì ha ara àwọn ògiri àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ láti mọ iye ìpele àwọ̀ tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà òde òní. Lábẹ́ funfun ọ̀pọ̀ yàrá ní agbègbè náà, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá kan lè ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.